Àtúnṣe Tí Ó Yẹ Kí A Ṣe sí Ìdíje Ijó Orí Tẹlifísàn

Inú ọmọ Yorùbá kì í dùn kí ó má jó. Bí a bá sọmọ lórúkọ, a ó jó; bí a bá ṣílé, a ó jó; bí arúgbó bá re ìwàlẹ̀ àsà, ijó ni a ó fi sin ín. Ní ojú agbo, ẹnikẹ́ni kì í fún oníjó ní máàkì. Owó ni a ń lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí, a sì mọ̀ pé kì í ṣe iwájú orí ẹni tí ó mọ ijó jó jù ni owó máa ń pọ̀ sí, bí kò ṣe ti ẹni tí ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. A kì í bínú sí èyí nítorí pé àríyá ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ti pe ijó ní ìdíje, tí a gbé adájọ́ kalẹ̀, tí a sì ní kí wọ́n máa fún àwọn oníjó ní máàkì, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti àríyá nìyẹn. Máàkì ti di ẹ̀rí, ó sì yẹ kí ẹ̀rí náà jẹ́ òtítọ́.

Ìdíje tí mo ní lọ́kàn ni èyí tí iléeṣẹ́ BBC ń gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Strictly Come Dancing. Mo mọ̀ pé àwa náà ti ṣe irú rẹ̀ nílé. Ní ọdún 2007 ni Maltina Dance All bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, níbi tí bàbá, ìyá àti ọmọ ti ń jó pa pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹbí kan. Ìdí tí mo fi mú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé òun ni mo wò jù. Ọmọ mi obìnrin ń gbé ní Peckham ní ìlú London. Nígbàkigbà tí mo bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láàárín oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kejìlá, kò sí ohun tí ó lè gbé mi dìde níwájú tẹlifísàn ní alẹ́ Sátidé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè mí ní ọ̀tá eré náà.

Ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2004 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde. Orúkọ rẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀. BBC ti ní eré ijó kan tí ó ń jẹ́ Come Dancing, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé Ogun Àgbáyé Kejì tí ó sì dúró ní ọdún 1998. Wọ́n wá yá ọ̀rọ̀ kan lára Strictly Ballroom, fíìmù ilẹ̀ Australia kan, wọ́n so ó mọ́ ọn. Bí wọ́n ti ń ṣe é kò ṣòro láti yé ni. Wọn a mú gbajúmọ̀ kan, ìbáà ṣe òṣèré, akọrin, eléré ìdárayá tàbí oníròyìn, wọn a fi ṣe ẹnì kejì akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ oníjó. Àwọn alájọjó wọ̀nyí a máa kọ́ ijó tuntun láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀: waltz ní ọ̀sẹ̀ yìí, cha-cha ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, lẹ́yìn náà tango tàbí rumba. Adájọ́ mẹ́rin ni ó ń wò wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn a na pátákó sókè, láti orí 1 títí dé orí 10, kí àpapọ̀ má ju 40 lọ. Àwọn tí ń wòran nílé náà a dìbò. Ẹni kan a gba ilé rẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀, títí wọn ó fi kan àṣekágbá ní oṣù Kejìlá. Eré yìí tà débi pé ó lé ní ogójì orílẹ̀-èdè tí ó ti ṣe irú rẹ̀. Ti Amẹ́ríkà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005, ni wọ́n ń pè ní Dancing with the Stars. Àwọn ọmọ wa kò sì gbẹ́yìn níbẹ̀. Ore Oduba, atọ́kùn ètò tẹlifísàn tí ẹbí rẹ̀ ti Nàìjíríà wá, ni ó gbégbá orókè ní ọdún 2016, òun àti Joanne Clifton. Ariwo tí a pa nílé ọmọ mi lálẹ́ ọjọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ.

Kí wá ni mo fẹ́ kí wọ́n tún ṣe? Iná rẹ̀ dára, aṣọ rẹ̀ dára, orin rẹ̀ dùn. Ìṣirò rẹ̀ ni ó kù díẹ̀ káàtó. Mo fẹ́ kí ìwọ tí o ń ka ìwé yìí fọkàn sí ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé láìpẹ́ ìwọ náà yóò jókòó nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, máàkì ni àwọn tí kò rí ọ rí yóò sì fi mọ irú ènìyàn tí o jẹ́.

Wo bí wọ́n ti ń ṣe é. Lẹ́yìn tí àwọn adájọ́ bá ti fún gbogbo alájọjó ní máàkì, wọn kì í ro máàkì náà mọ́ ìbò. Ipò ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́ dà. Bí alájọjó mẹ́wàá bá kù, àwọn tí ó ṣe ipò kìn-ín-ní a gba póìntì 10, àwọn tí ó tẹ̀lé wọn a gba 9, àwọn ẹ̀kẹta a gba 8, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé àwọn ìkẹyìn tí yóò gba 1. Bákan náà ni wọ́n ń ṣe ìbò: ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù a gba 10, ẹni tí tirẹ̀ kéré jù a gba 1. Wọn a wá ro póìntì méjèèjì pọ̀. Bí ẹni méjì bá dọ́gba, ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù ni yóò wà lókè. Àwọn méjì tí ó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá yóò tún ijó wọn jó, àwọn adájọ́ yóò sì yan ẹni tí yóò máa lọ.

O ti rí irú ìṣirò yìí rí. Inú káàdì tí a ń fún ọmọ ilé-ìwé ní ìparí táàmù ni ó wà. Òbí kì í kọ́kọ́ béèrè iye tí ọmọ gbà nínú Ìṣirò tàbí nínú Yorùbá. Ohun tí yóò jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, ‘Ipò kelòó lo mú?’ Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ ipò sínú káàdì kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ ohun tí ipò máa ń fi pamọ́. Ọmọ kan a gba 81, ó ṣe ipò kìn-ín-ní. Èkejì a gba 80. Ẹ̀kẹta a gba 79. Ẹ̀kẹrin a gba 43. Lójú káàdì, àtẹ̀gùn kan péré ni ó wà láàárín ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà láàárín èkíní àti èkejì. Bàbá ọmọ tí ó gba 43 a máa ra bisikíìtì fún ọmọ rẹ̀ pé ipò kẹrin kò burú. Bàbá ọmọ tí ó gba 79 a máa fa tirẹ̀ létí pé àwọn méjì ni ó jẹ́ kí ó ṣáájú òun. Irú bàbá méjèèjì ni mo ti bá pàdé lójúkorojú.

Jẹ́ kí a gbé e wá sínú ijó. Ká sọ pé alájọjó mẹ́rin ni ó kù, kí a sì fún wọn ní orúkọ kí ó lè yé wa: Táyé, Kẹ́hìndé, Ìdòwú àti Àlàbá. Àwọn adájọ́ fún Táyé ní 39, Kẹ́hìndé ní 38, Ìdòwú ní 36, Àlàbá ní 24. Nígbà tí a ka ìbò, Àlàbá ní 100,000, Táyé ní 98,000, Kẹ́hìndé ní 96,000, Ìdòwú ní 95,000. Bí a bá lo ipò, Táyé yóò ní póìntì 4 àti 3, ìyẹn 7. Kẹ́hìndé yóò ní 3 àti 2, ìyẹn 5. Àlàbá yóò ní 1 àti 4, òun náà 5. Ìdòwú yóò ní 2 àti 1, ìyẹn 3. Kẹ́hìndé àti Àlàbá dọ́gba, ìbò Àlàbá ni ó sì pọ̀ jù, nítorí náà Àlàbá yóò lọ sùn, Kẹ́hìndé tí ó gba 38 nínú 40 ni yóò bọ́ sójú agbo pẹ̀lú Ìdòwú láti tún ijó jó. Ó fi máàkì 14 ju Àlàbá. Ìbò 4,000 péré, nínú nǹkan bí 400,000, ni Àlàbá fi jù ú. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní í mi orí?

Kí o má ba à rò pé àpẹẹrẹ tí mo fẹnu ara mi dá ni gbogbo rẹ̀, wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2008. Ó ku ìpele kan kí wọ́n dé àṣekágbá. Gbajúmọ̀ mẹ́ta ni ó kù: Lisa Snowdon, Rachel Stevens àti Tom Chambers. Ẹni kan nínú wọn ni yóò yege tààrà, àwọn méjì yòókù ni yóò tún ijó jó. Nígbà tí àwọn adájọ́ máàkì tán, Snowdon àti Stevens dọ́gba lókè. Wọ́n fún àwọn méjèèjì ní póìntì 3 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, Chambers tí ó ṣe ìkẹyìn sì gba 1. Mú bírò rẹ, kí o bá mi ṣírò rẹ̀. Ká ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó dìbò fún Chambers, póìntì 3 ni ìbò lè fún un. Àpapọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ 4. Nínú àwọn obìnrin méjèèjì, ọ̀kan kò ní í ṣàì gba 2 nínú ìbò. Àpapọ̀ tirẹ̀ yóò jẹ́ 5. Kò sí iye ìbò tí ó lè gba Chambers lọ́wọ́ àtúnjó, bẹ́ẹ̀ àwọn ènìyàn ń náwó lórí tẹlifóònù láti gbà á! Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà hàn sí BBC, wọn kò lé ẹnikẹ́ni lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí àṣekágbá, wọ́n sì gbé ìbò tí àwọn ènìyàn ti dì tẹ́lẹ̀ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú. Ta ni ó wá gba ife-ẹ̀yẹ? Tom Chambers kan náà ni.

Àwọn kan ní àṣìṣe ọjọ́ kan ni, pé kò yẹ kí ẹni méjì tí ó dọ́gba gba póìntì kan náà. N kò gbà. Àìsàn tí ó ti wà lára tipẹ́ ni ó yọ jáde lọ́jọ́ náà. Bí a bá ti sọ máàkì di ipò, a ti ju apá kan òtítọ́ nù, kò sì sí bí a ṣe lè ṣa á padà.

Àtúnṣe tí mo fẹ́ kò le rárá, àwọn ilé-ìwé wa sì ti ń ṣe irú rẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ bá fẹ́ ro máàkì iṣẹ́ kíláàsì mọ́ ti ìdánwò ìparí táàmù, kì í sọ wọ́n di ipò kí ó tó rò wọ́n. Bí iṣẹ́ kíláàsì bá jẹ́ 40, tí ìdánwò jẹ́ 60, iye tí ọmọ gbà ni yóò gbé síbẹ̀. Kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn oníjó. Kí wọ́n fi máàkì àwọn adájọ́ sílẹ̀ bí ó ti wà lórí 40. Kí wọ́n sọ ìbò náà di 40: ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù yóò gba 40, ẹni tí ìbò rẹ̀ bá jẹ́ ìdajì ti ẹni yẹn yóò gba 20, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ. Àlàbá tí a ń sọ yóò ní 24 àti 40, ìyẹn 64. Táyé yóò ní 39 àti 39.2, ìyẹn 78.2. Kẹ́hìndé yóò ní 38 àti 38.4, ìyẹn 76.4. Ìdòwú yóò ní 36 àti 38, ìyẹn 74. Ìdòwú àti Àlàbá ni yóò tún ijó jó, ojú ẹnikẹ́ni kò sì ní í pọ́n sí i. Ti Chambers ńkọ́? Ká sọ pé máàkì 8 ni àwọn obìnrin náà fi jù ú, bí ìbò rẹ̀ bá fi ohun tí ó ju máàkì 8 lọ ju ti ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, ó ti bọ́. Ìbò àwọn ènìyàn yóò ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe.

Mo mọ ohun tí ẹni tí ó bá gbọ́n yóò fi ta kò mí. Yóò ní máàkì àwọn adájọ́ máa ń sún mọ́ra, pé láàárín 28 sí 36 ni púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń wà, nígbà tí ìbò lè jìnnà síra bí ọ̀run àti ilẹ̀; ìbò ni yóò wá máa darí gbogbo nǹkan. Òótọ́ ni. Ní Amẹ́ríkà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìpín nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi ń ro máàkì mọ́ ìbò, ní ọdún 2018 sì ni Bobby Bones, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò tí máàkì rẹ̀ kéré sí ti àwọn tí wọ́n jọ dé òpin, gba ife-ẹ̀yẹ nípa agbára ìbò. Ní ọdún 2019 wọ́n fún àwọn adájọ́ ibẹ̀ láṣẹ láti yan ẹni tí yóò dúró nínú àwọn méjì tí ó bá wà nísàlẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní irú odi bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2007, òun ni àtúnjó tí mo ti mẹ́nu bà. Wọ́n pa á tì ní ọdún 2010 àti 2011, wọ́n sì dá a padà ní 2012. Kí wọ́n má ṣe pa á tì mọ́. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà, ẹni tí kò lè jó kò ní í lè sá fún àwọn adájọ́ títí láé.

N kò sì fara mọ́ àwọn tí ń bú àwọn olùdìbò. Ní ọdún 2008 kan náà, John Sergeant, àgbà oníròyìn, wà nínú ìdíje náà. Ijó kò bá ara rẹ̀ mu, àwọn adájọ́ sì ń sọ bẹ́ẹ̀ fún un ní gbangba láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò yé dìbò fún un. Nígbà tí ó di oṣù Kọkànlá, òun fúnra rẹ̀ ni ó kúrò. Ó ní ó ti dà bí ẹni pé òun lè gba ife-ẹ̀yẹ náà, àwàdà ọ̀hún sì ti ń pọ̀ jù. Àwọn kan pariwo pé àwọn olùdìbò ba eré jẹ́. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn? Bí o bá ní kí ènìyàn yan ẹni tí ó wù ú, tí ó sì yan ẹni tí ó wù ú, o kò gbọdọ̀ bá a jà. Ẹni tí ó gbé òfin ìṣirò kalẹ̀ ni kí a kọjú sí.

Àwọn adájọ́ náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ohùn wọn dún nínú irú ìṣirò tí mo sọ yìí, àfi kí wọ́n lo gbogbo pátákó tí ó wà níwájú wọn. Ní ọdún 2004, wọ́n fún Quentin Willson ní 8 péré nínú 40 nítorí cha-cha rẹ̀. Ó le, ṣùgbọ́n ó sọ ohun tí wọ́n rí. Lóde òní, 7 ti di máàkì ẹni tí kò ṣe dáadáa. Bí ó bá sì ti di oṣù Kejìlá, 9 àti 10 a máa fò káàkiri bí eéṣú. Olùkọ́ tí ó bá ń fún gbogbo kíláàsì ní 9 nínú 10 kò máàkì ìwé kankan.

Ohun tí ó fà á ni pé kò sí ìlànà máàkì tí àwa tí ń wòran lè rí. Nínú àròkọ Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC, o mọ̀ pé kókó ọ̀rọ̀ ní 10, ètò ní 10, ìlò èdè ní 20, àkọtọ́ àti àmì ní 10, àpapọ̀ rẹ̀ 50. Bí o bá pàdánù máàkì, o lè mọ ibi tí ó ti jò. Oníjó tí ó gba 6 kò lè mọ̀. Bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, bóyá èjìká rẹ̀ ni, bóyá kò gbọ́ ìlù ni, bóyá aṣọ rẹ̀ ni kò wu adájọ́. Kí wọ́n pín 10 náà: ẹsẹ̀ 3, ìdúró ara 2, gbígbọ́ ìlù 3, bí àwọn méjèèjì ti jó bí ẹni kan ṣoṣo 2. Mo fún gbígbọ́ ìlù ní púpọ̀ nítorí pé ọmọ Yorùbá ni mí. Ẹni tí onílù bá yí ìlù padà fún, tí kò sì yí ijó padà, kò tí ì bẹ̀rẹ̀ lójú tèmi.

Ọ̀rọ̀ yìí le jù lọ nínú ijó kan tí wọ́n mú wọlé ní ọdún 2018, tí wọ́n ń pè ní Couple's Choice. Nínú rẹ̀, àwọn alájọjó ni yóò yan irú ijó tí wọ́n fẹ́ jó, ìbáà ṣe ijó ìgboro tàbí ti orí ìtàgé. Inú mi dùn sí i, torí ó ṣí ilẹ̀kùn fún ohun tí kò sí nínú ìwé àwọn oníwaltz. Ṣùgbọ́n waltz ní òfin tí gbogbo ayé mọ̀, a lè sọ pé gìgísẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kanlẹ̀, kì í ṣe ọmọ ìka ẹsẹ̀. Kí ni òfin ijó ìgboro? Ta ni nínú àwọn adájọ́ mẹ́rin náà ni ó dàgbà sínú rẹ̀? Bí àwọn alájọjó kan bá fẹ́ jó bàtá lọ́la, ta ni yóò mọ̀ bóyá wọ́n dáhùn ohun tí ìyáàlù sọ? Ní ọ̀sẹ̀ tí irú ijó bẹ́ẹ̀ bá wáyé, kí wọ́n pe ẹni kan tí ó mọ̀ ọ́n láti jókòó pẹ̀lú wọn.

Nípa ti àṣekágbá, máàkì àwọn adájọ́ kì í kà níbẹ̀. Ìbò nìkan ni ó ń yan ẹni tí ó borí. N kò ní ẹjọ́ pẹ̀lú èyí. Ìbò àwọn ènìyàn ni ó gbé Chris McCausland ga ní ọdún 2024, afọ́jú tí ó kọ́ ijó nípa fífi ọwọ́ kàn án àti nípa gbígbọ́ ohun tí Dianne Buswell tí wọ́n jọ ń jó ń sọ fún un. Ohun tí ń bí mi nínú ni pé àwọn adájọ́ ṣì ń na pátákó sókè lálẹ́ ọjọ́ náà, bí ẹni pé ó ń ṣiṣẹ́ kan. Kí wọ́n sọ tẹnu wọn, kí wọ́n sì fi pátákó sílẹ̀ lórí tábìlì.

Ohun kékeré méjì ni ó tẹ̀lé e. Èsì tí wọ́n ń gbé jáde ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, alẹ́ Sátidé ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀ tán, aṣọ nìkan ni àwọn atọ́kùn pààrọ̀. Kí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ń wòran. Èkejì, wọn kì í sọ iye ìbò tí ẹnikẹ́ni ní. Mo gbà pé bí wọ́n bá ń sọ ọ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, àwọn kan yóò dẹwọ́, àwọn mìíràn yóò sọ̀rètí nù. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn àṣekágbá, kí ni wọ́n ń fi pamọ́ fún? Ní ilẹ̀ wa níbí, bí a bá dìbò ìjọba tán, ó ní ìwé èsì tí a ń lẹ̀ mọ́ ibùdó ìdìbò kí gbogbo ènìyàn lè kà á. Kí BBC náà lẹ tirẹ̀ mọ́ ibi tí a ó ti rí i.

Èyí tí ó kù kan ọmọ wa mìíràn. Ní ọdún 2021, AJ Odudu, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bá Kai Widdrington jó títí wọ́n fi yege sí àṣekágbá. Ó ku bí ọjọ́ kan kí wọ́n jó, ó kéde pé ọrùn ẹsẹ̀ òun ti farapa, òun kò lè dúró lé e. Alájọjó méjì péré ni ó jó lálẹ́ ọjọ́ náà dípò mẹ́ta, Rose Ayling-Ellis, adití àkọ́kọ́ tí yóò wọ ìdíje náà, sì ni ó gba ife-ẹ̀yẹ. Ẹni tí wọ́n lé ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú wà nílé, ara rẹ̀ le, kò sì tí ì gbàgbé ijó. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin láti oṣù Kẹsàn-án, kí ẹnikẹ́ni tó mọ ẹni tí yóò ṣàǹfààní, pé bí ara ẹnì kan kò bá dá ṣáájú àṣekágbá, ẹni tí ó jáde kẹ́yìn ni a ó pè padà. Kí ó sì máa kọ́ ijó lọ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, bí ẹni tí yóò jó.